Ọjọ́bọ̀ Tí Wọ́n Gbọ́wọ́ Lé Phillips Oǹdó Lórí

Ìdájí

Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1893, oòrùn ti yọ ní Lọ́ńdọ̀nù kí agogo mẹ́rin ìdájí tó lù. Lásìkò ooru wọn, ilẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣú níbẹ̀, á sì tètè mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí ìjọ Áńgílíkà yà sọ́tọ̀ fún Pétérù Mímọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọkùnrin mẹ́ta máa di bíṣọ́ọ̀bù ní Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́, apá ibì kan náà ni wọ́n sì ń rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ: Èkó, ilẹ̀ Yorùbá àti agbègbè Odò Ọya. Òyìnbó ni ọ̀kan nínú wọn, Joseph Sidney Hill. Ọmọ wa ni àwọn méjì yòókù: Isaac Oluwole, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gírámà CMS l'Ékòó láti 1879, àti Charles Phillips, àlùfáà tó ti wà ní Òde Oǹdó láti 1877.

Òkùnkùn ṣì wà ní Oǹdó ní wákàtí yẹn. Agogo tiwọn àti tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àmọ́ ní tiwa, àkùkọ ṣì ní ìgbà púpọ̀ tó máa kọ kí ojúmọ́ tó mọ́. Àkókò òjò ni. Àwọn ọmọ ìjọ Phillips máa jí, wọ́n á gba oko lọ, wọn ò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àlùfáà wọn lọ́jọ́ náà. Wáyà abẹ́ òkun ti dé Èkó láti 1886, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ igbó dé Oǹdó. Ìròyìn tó bá balẹ̀ sí Èkó, ọkọ̀ ló máa gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn, kí ẹsẹ̀ ènìyàn tó wá gbé e la igbó.

Ó ní ìdí tí mo fi mú ọjọ́ yìí. Àwa tí a wà ní Ìlárá-Mọ̀kín, abẹ́ Dáyósíìsì Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa wà. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Emmanuel Gbonigi sì ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́. Tí àga bíṣọ́ọ̀bù bá ṣófo níbikíbi láyé òde òní, ìlú kì í sinmi: ẹni tí apá kan ń fẹ́, ẹni tí apá kejì ò fẹ́ rí sójú, ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lókè. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé àríyànjiyàn ayé ìsinsìnyí nìyí. Láti ọjọ́ tí Oǹdó ti kọ́kọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù tó ń gbé àárín rẹ̀ ni ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀: ta ló yàn án?

Òwúrọ̀

Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun *Victoria* tán. Ọ̀sẹ̀ kan gééré ṣáájú ló rì, létí òkun Tírípólì ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí. Tryon, ọ̀gá ológun ojú omi, pàṣẹ kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ méjì yí ojú sí ara wọn. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí i pé àyè tó wà láàárín kò tó, pé ọkọ̀ á kọlu ọkọ̀. Wọ́n ṣe é bí ọ̀gá ṣe wí. Ènìyàn 358 ló bá omi lọ. Ìlú kan náà sì tún ń múra ìgbéyàwó, nítorí ọmọ ọmọ Ọbabìnrin Victoria, Duke of York, máa gbé ìyàwó ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje. Ọ̀fọ̀ lápá kan, àríyá lápá kejì.

Láàárín gbogbo èyí, ilé kan wà ní Salisbury Square, lẹ́yìn Fleet Street. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ láàárọ̀, kò ní pẹ́ dé Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Olú ilé iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ni. Inú ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Kò sí ẹni tó dìbò ní Oǹdó. Kò sí ẹni tó dìbò l'Ékòó.

Ọjọ́ yìí kò lè yé ẹni tí kò bá mọ ẹni tó kú. Ajayi Crowther, bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, kú l'Ékòó ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Ìbànújẹ́ ló fi lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó kan ní Onitsha, àwọn òyìnbó tí CMS ṣẹ̀ṣẹ̀ rán dé, tí òmíràn nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kojú bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró níṣẹ́, ọmọ bíbí inú rẹ̀, Dandeson, wà lára wọn. Bàbá fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ohun tí Èkó ń retí ni pé adúláwọ̀ mìíràn ló máa gun àga rẹ̀. Salisbury Square ní kò tíì yá. Hill ni wọ́n mú, wọ́n sì rán an wá ní 1892 pé kó wo bí ilẹ̀ ṣe rí, kó wá sọ bóyá àkókò tó fún bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ tó dá dúró. Ó wá, ó bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀, ó padà. Àbá tó gbé kalẹ̀ ni pé kí òyìnbó wà lórí àga, kí adúláwọ̀ méjì wà lábẹ́ rẹ̀ bíi bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́. Wọ́n na irú oyè yìí sí James Johnson, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit l'Ékòó, ẹni tí Èkó mọ̀ bí ẹni mowó fún ìwà mímọ́ àti fún agídí. Johnson kọ̀ ọ́. Oluwole àti Phillips gbà á. Àwọn alárìíwísí ò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ: ààbọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Yorùbá mọ bí a ṣe ń sọ ènìyàn lórúkọ tó máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ká wo ibi tí ààbọ̀ yẹn ti wọlé.

Ìyálẹ̀ta

Ṣọ́ọ̀ṣì náà tóbi dé ibi tó ń dẹ́rù bani. Christopher Wren ló ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tí iná ńlá ọdún 1666 jó ti àtijọ́. Òrùlé rẹ̀ ṣe rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ láti ilẹ̀. Nelson àti Wellington, àwọn jagunjagun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn jù lọ, sùn sí abẹ́ rẹ̀.

Ìwé Àdúrà ọdún 1662 ni agogo tí a ó máa wò nínú ilé yìí. Ètò ìyàsímímọ́ bíṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ìkẹta ṣáájú ìkejì, kódà kó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Edward White Benson, tó wà lórí oyè nígbà náà. Inú ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé. Àdúrà ọjọ́ á ṣáájú, Èpístélì á tẹ̀ lé e, Ìhìnrere, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, lẹ́yìn náà ìwàásù. Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí Phillips. Òun fúnra rẹ̀ ń darí irú rẹ̀ ní Oǹdó ní èdè Yorùbá, nínú ìwé tí Crowther ti bá wa túmọ̀.

Crowther yìí kan náà, ọjọ́ Pétérù Mímọ́ ni wọ́n fi òun náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, kò sì jọ pé ẹni tó mú ọjọ́ náà fún tàwọn Phillips kò rántí. Ọjọ́ ti Crowther tún gbayì jù. Ọkọ̀ ojú irin àkànṣe kó àwọn ènìyàn láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Canterbury láàárọ̀ ọjọ́ náà. Henry Leeke wà níbẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gba ọmọdékùnrin Òṣogùn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822. Ó ti di ògbólógbòó ọ̀gágun nígbà tó wá wo ọmọ náà tó ń di bíṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó kọ́ Crowther ní A B D, Ìyáàfin Weeks, náà jókòó síbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ bí ìtàn àròsọ, àwọn ènìyàn á ní ó ti dára jù.

A kò dìbò yan Crowther náà. Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS, ló fà á lé wọn lọ́wọ́. Crowther gan-an kò fẹ́. Venn ló rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà. Èrò Venn yé kedere: kí ìjọ adúláwọ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, kó máa darí ara rẹ̀, kó máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀, kí bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Venn kú ní 1873. Ẹni tó fi ojú rere ẹnì kan dé orí oyè, tí ẹni náà bá kú, ta ni á gbèjà oyè? Àwọn tó jókòó sí Salisbury Square lẹ́yìn rẹ̀ kò ka èrò rẹ̀ sí òfin.

Kí ọ̀sán tó pọ́n

Lẹ́yìn ìwàásù, bíṣọ́ọ̀bù méjì á mú ẹni tí wọ́n fẹ́ yà sí mímọ́ dìde, wọ́n á fà á kalẹ̀ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mímọ́, wọ́n á sì jẹ́rìí pé ẹni ìwà-bí-Ọlọ́run àti ọ̀mọ̀wé ni. Aṣọ funfun olápá gígùn ló wà lọ́rùn rẹ̀; aṣọ oyè kò tíì pé. Ìwé Àdúrà pè é ní ẹni tí a ti dìbò yàn. Ohun tí wọ́n sì máa kà ní kété tí wọ́n bá ti fà á kalẹ̀ ni ìwé àṣẹ ọba.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àdìtú wà. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ nígbà náà, òfin kan wà láti ayé Ọba Henry kẹjọ, ọdún 1533. Tí àga bá ṣófo, ọba á kọ ìwé sí àwọn àlùfáà kàtídírà ibẹ̀ pé ó gbà kí wọ́n dìbò. Á sì fi ìwé kejì tì í, orúkọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò fún ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò pé òun á yan ẹlòmíràn, ìjọba á gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà kí Ọlọ́run tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n á sì dìbò fún orúkọ tó wà nínú ìwé. Ní ti àwa tó wà lẹ́yìn odi, wọn kò tiẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu dé ibẹ̀. Orúkọ jáde láti Salisbury Square, ó dé ọ̀dọ̀ Benson, ọba fọwọ́ sí i, ó parí.

Ẹni tó bá ní àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sí bó ṣe lè rí lọ́nà mìíràn, kó wo Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun òmìnira wọn ń parí lọ, ní 25 oṣù kẹta ọdún 1783, àlùfáà mẹ́wàá péjọ sí Woodbury ní Connecticut, wọ́n sì yan Samuel Seabury. Seabury wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò dá a lóhùn, nítorí òfin ní ó gbọ́dọ̀ búra fún ọba, ọmọ Amẹ́ríkà kò sì lè búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ó bá gba Scotland lọ. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí ní Aberdeen lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1784, láìsí ìwé ọba kankan. Láti ìgbà náà, nínú ìjọ Episcopal Amẹ́ríkà, àwọn àlùfáà àti ọmọ ìjọ dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ló ń péjọ dìbò yan bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ìjọ kan náà, Ìwé Àdúrà tó bá ara mu, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó fa Phillips kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Oǹdó gan-an kò kọ́ ìdìbò lọ́dọ̀ òyìnbó. Òṣemàwé, ọba Oǹdó, kì í ti ìlú mìíràn gba oyè rẹ̀ wálé. Lísà àti àwọn afọbajẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó lé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ oyè, Ifá á sọ tirẹ̀, Lóbùn tó jẹ́ obìnrin náà sì ní ipa tirẹ̀ nínú ìfọbajẹ. Phillips mọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé Oǹdó ní 1877, ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́n ká, kò sí ọba lórí oyè, Lísà Ẹdun ló ń mójú tó ìlú. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá yan Jilo sórí oyè. Àwọn tí kò mọ̀wé, tí àwọn míṣọ́nnárì ń pè ní kèfèrí, ní ẹnu nínú yíyan olórí wọn. Àwọn tó ti kàwé, tí wọ́n ti ṣèrìbọmi, kò ní. Ẹ bá mi wo ìyẹn.

Wọ́n ka ìwé àṣẹ tán. Phillips, Oluwole àti Hill búra pé àwọn á máa gbọ́ràn sí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury lẹ́nu. Lítánì tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán gangan

Ìbéèrè mẹ́jọ ló kàn. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà á bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú pé Ọlọ́run ló pè wọ́n. Bóyá wọ́n á fi Ìwé Mímọ́ kọ́ àwọn ènìyàn. Bóyá wọ́n á máa kà á. Bóyá wọ́n á lé ẹ̀kọ́ òdì jìnnà. Mo fò dé ìkẹfà, nítorí ó dà bíi pé Phillips ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ìbéèrè náà ni bóyá ẹni náà á máa wá àlàáfíà láàárín gbogbo ènìyàn.

Ní 1886, ogun Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti wọ ọdún kẹsàn-án. Gómìnà Moloney wá àwọn tó lè dé àgọ́ méjèèjì kí wọ́n sì padà láàyè, àlùfáà méjì ló sì rí. Samuel Johnson, ẹni tó wá kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, gba apá Aláàfin àti Ìbàdàn. Phillips gba apá àwọn ọba Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ó rìn, ó jókòó ní ààfin dé ààfin, ó gbọ́ ẹ̀sùn tí àwọn ọba ní sí ara wọn àti sí Ìbàdàn, ó gbé e padà sí Èkó láìfi tirẹ̀ kún un. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 4 oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n tú àgọ́ tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ara wọn láti ìgbà pípẹ́. Ìyókù ogun náà, ní apá Ọ̀fà, oṣù kẹta ọdún 1893 yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, nígbà tí Gómìnà Carter wọ ilẹ̀ Yorùbá lọ. Bí wọ́n bá bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè kẹfà, ìlérí lásán ló máa ṣe. Phillips ti ṣe é kí wọ́n tó bi í.

Ìkẹjọ ni bóyá á ṣàánú tálákà àti àlejò tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n wọ ìyókù aṣọ oyè, dúdú lórí funfun. Wọ́n kúnlẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń pe Ẹ̀mí Mímọ́ gòkè, ìlà sí ìlà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà á gbé e, àwọn yòókù á dáhùn. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lórí, wọ́n fi oyè bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Ọlọ́run lé e lọ́wọ́, wọ́n gbé Bíbélì fún un.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí Hill lórí, òun náà ni wọ́n sọ sí Oluwole àti Phillips lórí. Ìwé Àdúrà kò ní ètò kan fún odidi, èkejì fún ààbọ̀. Ọwọ́ tó bọ́ sórí àlùfáà Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn jẹ́ odidi ọwọ́. Ó lè fi ọmọ ìjọ múlẹ̀, ó lè fi àlùfáà joyè, ó lè bá wọn gbọ́wọ́ lé bíṣọ́ọ̀bù mìíràn lórí. Inú ìwé iṣẹ́ ni ààbọ̀ wà: ta ló ni àga, ta ló ń darí owó, ta ló ń pinnu ibi tí àlùfáà ń lọ. Èyí ni àwọn alárìíwísí Èkó ì bá ti tẹnu mọ́, dípò tí wọ́n fi ń fi àwọn ọkùnrin méjì náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ìsìn parí.

Ìrọ̀lẹ́

Lọ́jọ́ yìí kan náà, ní Piccadilly, Duke of Westminster ṣí aṣọ lójú ère tí gbogbo ayé mọ̀ sí Eros báyìí, ọmọkùnrin oníyẹ̀ẹ́ tó ń ta ọfà, tí Alfred Gilbert fi alumíníọ̀mù dá. Ìrántí Lord Shaftesbury ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tó fi ayé rẹ̀ jà kí wọ́n má fi ọmọ kékeré ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àti nínú sìmínì. Inú ìjọ tó bí CMS ló ti jáde. Ibi tí ère yẹn dúró sí kò jìnnà sí Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́. Ẹni tó bá lágbára lè rìn ín. Lónìí, àwọn àlejò láti ilẹ̀ wa ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ni wọ́n fi Oǹdó ní bíṣọ́ọ̀bù.

Hill kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa rí, ní Lẹ́kkí àtijọ́ létí ọ̀sà, ní àsìkò tí Phillips ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí Oǹdó. Ọ̀nà omi yẹn gan-an ni ẹni tó ń lọ Oǹdó ń gbà. Àìsàn ló lé e kúrò, ó sì lọ bá àwọn Maori ní New Zealand. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ Èkó lè pa òun, ó sì gbà láti padà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ẹjọ́ mi kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹjọ́ mi wà lọ́rùn àwọn tó gbà pé ẹni tí ibà máa ń dá dùbúlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sàn láti gun àga ju ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún ní Oǹdó láìsá.

Alẹ́

Ní Lọ́ńdọ̀nù, agogo mẹ́jọ lù kí oòrùn tó wọ̀. Ní Oǹdó, ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́.

Ní oṣù Kejìlá, Hill àti ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 1894 fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méjèèjì ti kú, wákàtí díẹ̀ síra wọn. Mélòó kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ wá náà tẹ̀ lé wọn. Àga tún ṣófo. Lọ́tẹ̀ yìí, bíṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé lórí wà nílẹ̀, ọmọ ilẹ̀, tí ibà kò lè pa lóṣù kan. Salisbury Square fo àwọn méjèèjì. Wọ́n mú Herbert Tugwell, ẹni tó dé Èkó ní 1890, wọ́n yà á sí mímọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1894, ó sì wà lórí àga títí di 1921. Ẹni tó bá ṣì ń rò pé àìní ẹni tó tó ni kò jẹ́ kí wọ́n yan adúláwọ̀, kó ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀kejì.

James Johnson tó kọ oyè náà ní 1893 gba irú rẹ̀ ní 1900. Mi ò fi ìyẹn bú u. Ọdún méje ló fi rí i pé wọn ò ní gbé àga kankan wá fún òun, iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Phillips rí i ṣáájú rẹ̀, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀. Ó padà sí Oǹdó. Ọmọ ìjọ tó bá fẹ́ gba ìfẹsẹ̀múlẹ̀ kò nílò láti dúró de ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù Èkó bá ráyè gba orí ọ̀sà wá mọ́. Ní 1906, ó kú, bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ni títí dọjọ́ ikú. Oluwole gbé ayé títí di 1932. Òun náà ò kúrò lórí ipò yẹn.

Ọdún 1952 ni wọ́n tó dá Dáyósíìsì Oǹdó-Benin sílẹ̀, tí Solomon Odutola gun àga rẹ̀ bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ni ilé. Ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú Crowther. Lónìí, nínú Church of Nigeria, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó dìbò yan ẹni tó máa di bíṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́, kì í sì í ṣe Salisbury Square, ìyẹn sì tó ohun tí a ń dúpẹ́ lé. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlárá, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó kò ní ìwé ìbò lọ́wọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ Phillips, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa Oǹdó àti nípa àgọ́ ogun, wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn. Àwọn olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì ti kà á fún iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin àlùfáà àti ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ẹ rán ẹnì kan lọ kà á kí sínọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ tó wọlé.